Àbọ̀ Iṣẹ́: Àwọn Pùrótéènì Olùgbà Họ́mọ̀nù nínú Jẹjẹrẹ Ilé-Ẹyin Obìnrin



Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ó fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí fi yé wa pé iṣẹ́ rírán kò tán sí ẹnu ẹni tí ó rán ni. Ẹni tí a rán ní ipa tirẹ̀, ẹni tí a rán an sí náà ní ipa tirẹ̀, a kò sì lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ já sí àfi bí a bá gbọ́ àbọ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rírán nínú ara ènìyàn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá jù lọ bí ó ti rí nínú àrùn jẹjẹrẹ ilé-ẹyin obìnrin.

Ohun tí mo ń pè ní ilé-ẹyin ni ẹ̀yà ara méjì tí ó wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ilé-ọmọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju obì kékeré kan lọ. Inú wọn ni ẹyin obìnrin ti ń gbó, inú wọn náà ni họ́mọ̀nù tí ó ń sọ ọmọbìnrin di obìnrin ti ń jáde. Ní ọdún 2022, àwọn obìnrin tí a rí jẹjẹrẹ ilé-ẹyin lára wọn káàkiri àgbáyé lé ní 320,000. Àwọn tí ó sì pa ní ọdún náà lé ní 200,000. Ikú pọ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí pé àrùn náà mọ bí a ti ń fara pamọ́. Inú tí ó ń wú, oúnjẹ tí kò wọlé mọ́, ìtọ̀ tí ó ń yọ ènìyàn lẹ́nu lemọ́lemọ́: ìwọ̀nyí ni àmì rẹ̀, ta ni kò sì ní ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí inú rírun lásán?

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fẹ́ dáhùn. Bí a bá gé ẹran-ara jẹjẹrẹ ilé-ẹyin, tí a yẹ̀ ẹ́ wò, tí a sì rí i pé pùrótéènì tí ń gba iṣẹ́ họ́mọ̀nù wà nínú rẹ̀, kí ni ohun tí a rí yìí sọ fún wa? Ṣé a lè tìtorí rẹ̀ fún obìnrin náà ní oògùn tí ó ń dí họ́mọ̀nù lọ́nà? Èsì mi ni pé gbígbọ́ yàtọ̀ sí ìgbọ́ràn. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ilé-ẹyin ní etí tí ó fi ń gbọ́ họ́mọ̀nù. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni ó ń ṣe ohun tí họ́mọ̀nù wí. Bí a bá mọ àwọn díẹ̀ náà yàtọ̀, a lè fi ọ̀pọ̀ ọdún kún ẹ̀mí wọn.

1. Họ́mọ̀nù àti olùgbà rẹ̀

Họ́mọ̀nù ni ìránṣẹ́ tí ẹ̀yà ara kan ń rán sí òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé e kiri, nítorí náà kò sí agbègbè ara tí kì í dé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo sẹ́ẹ̀lì ni ó ń dá a lóhùn. Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá ní pùrótéènì kan tí ìrísí rẹ̀ bá ti họ́mọ̀nù náà mu ni ó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Pùrótéènì yìí ni àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ń pè ní receptor. Olùgbà ni èmi yóò máa pè é. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹran àti ẹ̀wà inú abọ́ ni mò ń sọ. Láti inú oúnjẹ amúaradàgbà ni a ti ń rí èròjà tí ara fi ń hun pùrótéènì tirẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ni ó sì wà nínú wa, tí oníkálukú ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni iṣẹ́ họ́mọ̀nù ń gbà dé inú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀nà kìíní ni ti ẹ́sítirójìn àti purojẹ́sítírọ̀nù, tí ilé-ẹyin ń pèsè. Àwọn wọ̀nyí bá ọ̀rá tan, wọn a sì máa gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá láìkan ìlẹ̀kùn. Inú ilé ni olùgbà tiwọn ti ń dúró dè wọ́n. Olùgbà ẹ́sítirójìn tí a ń pè ní alfa jẹ́ ẹ̀wọ̀n pùrótéènì tí ó ní oríkèé 595. Bí ẹ́sítirójìn bá bọ́ sínú ihò tí ó wà lára rẹ̀, apá kan olùgbà náà a ṣẹ́ po bo ihò náà bí ọmọrí ìkòkò. Olùgbà méjì a wá di ara wọn mú, wọn a jókòó lórí okùn àbùdá tí a ń pè ní DNA nínú kókó sẹ́ẹ̀lì, wọn a sì pe àwọn pùrótéènì olùrànlọ́wọ́ jọ. Láti ibẹ̀ ni àṣẹ ti ń jáde pé kí sẹ́ẹ̀lì pèsè àwọn pùrótéènì kan, kí ó sì pín sí méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ohun kan sọ́kàn: olùgbà purojẹ́sítírọ̀nù wà lára ohun tí olùgbà ẹ́sítirójìn ń pàṣẹ pé kí á ṣe. A ó padà sí ọ̀rọ̀ yìí.

Ọ̀nà kejì ni ti họ́mọ̀nù FSH, tí ẹṣẹ́ kékeré kan lábẹ́ ọpọlọ ń rán sí ilé-ẹyin kí ẹyin lè gbó. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́ pùrótéènì, kò sì lè gba inú awọ sẹ́ẹ̀lì kọjá. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń dúró sí. Olùgbà tirẹ̀ gún awọ náà já lẹ́ẹ̀méje: orí rẹ̀ wà níta, ìdí rẹ̀ wà nínú. Bí FSH bá kan orí, ìdí a mì, pùrótéènì kan tí a ń pè ní G tí ó wà nítòsí a jí, ọ̀rọ̀ a sì máa ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì títí yóò fi dé inú lọ́hùn-ún.

2. Bí a ṣe mọ̀ pé olùgbà wà

Kí á tó mọ olùgbà ni a ti kọ́kọ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1896, George Beatson, dókítà oníṣẹ́-abẹ ní ìlú Glasgow, kọ̀wé sínú The Lancet pé òun gé ilé-ẹyin kúrò lára obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú ń bá jà, jẹjẹrẹ náà sì súnkì. Kò sí ẹni tí ó tíì mọ ẹ́sítirójìn nígbà náà. Ọdún 1929 ni a tó yọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ́sítirójìn sọ́tọ̀ gedegbe. Beatson mọ̀ pé ilé-ẹyin ń rán nǹkan sí ọmú, ṣùgbọ́n kò mọ orúkọ ìránṣẹ́ náà.

Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Elwood Jensen àti Herbert Jacobson ní Yunifásítì Chicago fi tritium, irú háídrójìn kan tí ó ń tan ìtànṣán, sàmì sí ẹ́sítirójìn, wọ́n sì fún abo eku tí kò tíì dàgbà. Họ́mọ̀nù náà tètè kúrò ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ara, ṣùgbọ́n ó pẹ́ nínú ilé-ọmọ. Ohun kan wà níbẹ̀ tí ó dì í mú, ohun náà sì ni olùgbà. Ní ọdún 1986 ni àwọn onímọ̀ tẹ ètò olùgbà ẹ́sítirójìn ti ènìyàn jáde lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1996, a rí èkejì rẹ̀, tí a sọ ní bẹ́tà. Láti ìgbà náà ni a ti ń pe ti àkọ́kọ́ ní alfa.

Ìmọ̀ yìí tún ìtọ́jú jẹjẹrẹ ọmú ṣe. Tamoxifen, oògùn tí a ti ń lò láti àwọn ọdún 1970, ń jókòó sí àyè tí ó yẹ kí ẹ́sítirójìn jókòó sí, ọmọrí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan kò sì ní lè dé ìkòkò mọ́. Síbẹ̀, nínú àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ ọmú wọn ti tàn kálẹ̀ tí ó sì ní olùgbà ẹ́sítirójìn, bíi ìdajì péré ni irú ìtọ́jú báyìí ràn lọ́wọ́. Kí ló dé? Ní ọdún 1975, Kathryn Horwitz, William McGuire àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbá kan kalẹ̀. Wọ́n ní níwọ̀n bí olùgbà purojẹ́sítírọ̀nù ti jẹ́ èso àṣẹ olùgbà ẹ́sítirójìn, kí á wá a nínú ẹran-ara náà. Bí a bá bá a níbẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n rán iṣẹ́, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì jẹ́ ẹ. Ẹ̀yin ará, àbọ̀ iṣẹ́ ni Horwitz àti McGuire ń béèrè.

3. Jẹjẹrẹ ilé-ẹyin kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo

Kí á tó gbé ẹ̀kọ́ ọmú lọ sí ilé-ẹyin, ó yẹ kí á mọ ohun tí a ń pè ní jẹjẹrẹ ilé-ẹyin. Orúkọ kan ni, àrùn púpọ̀ ni ó wà lábẹ́ rẹ̀.

Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù ni serous ayára, tí ó tó bíi 70 nínú 100. Láti nǹkan bí ọdún 2001 ni ẹ̀rí ti ń pọ̀ sí i pé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ nínú ilé-ẹyin rárá. Ẹnu ọ̀nà tí ẹyin ń gbà lọ sínú ilé-ọmọ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀, kí ó tó ta sí ilé-ẹyin. Ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2011 rí i pé nínú 96 lára 100 irú jẹjẹrẹ yìí, jíìnì TP53, tí ó jẹ́ aṣọ́bodè ìpínyà sẹ́ẹ̀lì, ti bàjẹ́.

Serous afẹ̀sọ̀ jọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n ìwà wọn yàtọ̀ pátápátá. Kò pọ̀, kò tó 10 nínú 100. A máa rọra dàgbà. A máa mú àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pọ̀. Oògùn líle apa-jẹjẹrẹ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ ràn án. Irú kẹta ni endometrioid, tí ẹran rẹ̀ jọ ìtẹ́ inú ilé-ọmọ. Ìkẹrin ni clear cell, tí inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ mọ́ gaara lábẹ́ maikirosikóòpù. Ìkarùn-ún ni mucinous, tí ó kún fún omi yíyọ̀ bí omi ilá.

Irú kan tún wà tí kò bá àwọn wọ̀nyí tan: granulosa. Ó ń ti ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń tọ́jú ẹyin wá, àwọn tí ó ní olùgbà FSH. Òun fúnra rẹ̀ a máa pèsè ẹ́sítirójìn, débi pé ìyá àgbà tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró tipẹ́ lè tún máa rí ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 2009 ni a rí i pé àṣìkọ kan ṣoṣo nínú jíìnì FOXL2 ni ó wà nínú èyí tí ó pọ̀ jù lọ lára jẹjẹrẹ granulosa ti àgbàlagbà. Ìyá àgbà tí ó bá tún rí ẹ̀jẹ̀, kí ó má ṣe dá a dúró. Kí ó lọ rí dókítà.

4. Etí àti ìgbọ́ràn

Ní ọdún 2013, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ tẹ èsì ìwádìí kan jáde lórí ẹran-ara jẹjẹrẹ ilé-ẹyin ti obìnrin 2,933. Wọ́n wá olùgbà ẹ́sítirójìn àti olùgbà purojẹ́sítírọ̀nù nínú irú márààrún tí mo kà sílẹ̀ ṣáájú granulosa.

Nínú serous ayára, wọ́n rí olùgbà ẹ́sítirójìn nínú bíi 80 lára 100. Ẹni tí ó bá ti ọ̀dọ̀ jẹjẹrẹ ọmú wá yóò ti máa yọ̀, yóò ní oògùn ti dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wá olùgbà purojẹ́sítírọ̀nù, bíi 30 péré nínú 100 ni wọ́n rí. Etí pọ̀, àbọ̀ kò pọ̀. Nínú serous afẹ̀sọ̀ àti endometrioid, ọ̀tọ̀ ni bí ó ti rí: etí pọ̀, àbọ̀ náà sì ju ìdajì lọ. Nínú clear cell àti mucinous, etí gan-an kò wọ́pọ̀. Ìwádìí náà tún rí i pé àwọn obìnrin tí jẹjẹrẹ wọn jẹ́ endometrioid, tí ó sì ní ọ̀kan nínú olùgbà méjèèjì, pẹ́ láyé ju àwọn tí kò ní. Nínú serous ayára, olùgbà purojẹ́sítírọ̀nù tí ó bá pọ̀ dáadáa ni ó bá ẹ̀mí gígùn rìn.

Kí ni ó dé tí serous ayára ní etí tí kò sì gbọ́ràn? Mo rí ìdí méjì. Èkíní ni pé ilé ni ó ti mú etí náà wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ inú ọ̀nà-ẹyin, níbi tí ọ̀pọ̀ irú jẹjẹrẹ yìí ti ṣẹ̀, ní olùgbà ẹ́sítirójìn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ jogún etí lọ́wọ́ ìyá, ṣùgbọ́n kò jogún ìgbọ́ràn. Èkejì ni pé aṣọ́bodè ti sùn. Nígbà tí TP53 bá ti bàjẹ́, tí okùn àbùdá sì ti já káàkiri, sẹ́ẹ̀lì náà ti rí ọ̀gá mìíràn tí ń tì í láti pín. Bí a bá di etí rẹ̀ sí họ́mọ̀nù, kò ní torí ìyẹn dúró, nítorí kì í ṣe họ́mọ̀nù ni ó ń tẹ̀ lé.

5. Ohun tí èyí já sí nínú ìtọ́jú

Wọ́n ti fi tamoxifen tọ́jú jẹjẹrẹ ilé-ẹyin tí ó padà wá. Nígbà tí a kó èsì àwọn ìwádìí jọ ní ọdún 2010, nínú obìnrin 623, jẹjẹrẹ ara 60 ni ó súnkì. Èyí kò tó 10 nínú 100. Ẹni tí ó bá wo iye yìí lè sọ pé kí á da oògùn náà nù. Èmi kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Oríṣiríṣi jẹjẹrẹ ni a dà pọ̀ sínú iye náà bí ìgbà tí a da àgbàdo, ẹ̀wà àti òkúta sínú igbá kan, tí a wá ń béèrè bí yóò ti pẹ́ tó kí ó tó jinná.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí a ya àgbàdo sọ́tọ̀. Ní ọdún 2017, àwọn dókítà ilé-ìwòsàn MD Anderson ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà tẹ àkọsílẹ̀ obìnrin 203 jáde, gbogbo wọn ní serous afẹ̀sọ̀ tí ó ti tàn, wọ́n sì ti gba iṣẹ́-abẹ àti oògùn líle. Àádọ́rin nínú wọn ń bá oògùn tí ó ń dí họ́mọ̀nù lọ́nà lọ lẹ́yìn náà. Àwọn 133 yòókù kò lò ó. Fún àwọn tí kò lò ó, ìdajì wọn ni àrùn ti padà sí lára láàrin oṣù 26. Fún àwọn tí ó lò ó, ó tó bíi oṣù 65 kí ó tó rí bẹ́ẹ̀. Òtítọ́ ni pé àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá ni èyí. Wọn kò ṣẹ́ gègé pín àwọn obìnrin náà, nítorí náà a kò lè kà á sí ẹ̀rí tí kò ní àbùkù. Ṣùgbọ́n oṣù 39 kì í ṣe nǹkan kékeré fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Oògùn oníhóró sì ni púpọ̀ nínú wọn, tí ènìyàn lè máa fi omi gbé mì ní ilé rẹ̀.

6. Ẹran-ara tí ó wà lọ́wọ́ wa

Báyìí ni a dé ọ̀dọ̀ ara wa. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òwúrọ̀ dúró lórí ẹran-ara tí a gé. Bí a bá fẹ́ mọ olùgbà, a ó kì ẹran náà sínú ìda, a ó gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, a ó sì da èròjà kan sí i tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ olùgbà náà nìkan, tí ó sì ní àwọ̀. Bí kókó sẹ́ẹ̀lì bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, olùgbà wà níbẹ̀. Bí kò bá pọ́n, a ó kọ ọ́ pé kò sí.

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí olùgbà ti wà, tí ó sì ti jẹrà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Pùrótéènì a máa bàjẹ́ bí ẹja tí a kò yan. Ìlànà tí a là sílẹ̀ fún jẹjẹrẹ ọmú ni pé kí ẹran-ara wọ inú fọ́málìn láàrin wákàtí kan tí a gé e, kí ó má ṣe dín ní wákàtí 6 níbẹ̀, kí ó má sì ju wákàtí 72 lọ. Jẹjẹrẹ ilé-ẹyin tilẹ̀ tún le ju ti ọmú lọ ní ọ̀nà yìí, nítorí pé ó lè tóbi bí orí ọmọdé. Fọ́málìn kì í yára wọlé. Bí a kò bá la irú kókó bẹ́ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò tọ́, àárín rẹ̀ yóò sì rà. Mo ti rí èyí tí a gbé wá láti ilé-ìwòsàn kan nínú omi lásán, ní ọjọ́ kẹta. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà nínú irú ẹran bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tí a ti rí nínú jẹjẹrẹ ọmú nílé wa níhìn-ín. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2008 lórí àwọn obìnrin Nàìjíríà rí olùgbà ẹ́sítirójìn nínú bíi 65 lára 100. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, òmíràn tí ó kó obìnrin Nàìjíríà àti ti Senegal pọ̀ rí i nínú bíi 24 lára 100. Ìyàtọ̀ yìí ju ohun tí a lè gbójú fò lọ. Ó lè jẹ́ pé àwọn obìnrin tí a yàn yàtọ̀ síra. Ọ̀nà tí a gbà tọ́jú ẹran-ara náà sì wà lára ohun tí àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí. Obìnrin tí a bá kọ pé kò ní olùgbà kì yóò rí tamoxifen gbà. Bí fọ́málìn tí kò tètè dé ni ó pa olùgbà náà, àìsí fọ́málìn ni ó gba oògùn lọ́wọ́ obìnrin yẹn.

Ìparí

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, nígbà tí ẹ bá di dókítà, kí ẹ má ṣe gba ìwé àyẹ̀wò tí ó kọ jẹjẹrẹ ilé-ẹyin sílẹ̀ láìsọ irú èyí tí ó jẹ́. Ẹ béèrè irú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ serous afẹ̀sọ̀ tàbí endometrioid, ẹ béèrè olùgbà méjèèjì, kì í ṣe ọ̀kan. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì inú yàrá iṣẹ́-abẹ, ẹ̀yin ni olùgbà wà lọ́wọ́ yín ní wákàtí àkọ́kọ́. Ẹ kọ aago tí a gé ẹran náà àti aago tí ó wọ fọ́málìn sára ìgò. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè pé, kí ni orúkọ irú èyí tí ó wà lára ọmọ mi, ǹjẹ́ ẹ sì ti yẹ olùgbà rẹ̀ wò?

Etí tí ó bá gbọ́ àlọ ni ó yẹ kí ó gbọ́ àbọ̀. Họ́mọ̀nù ti jẹ́ iṣẹ́ tirẹ̀ láti ìgbà tí aráyé ti wà. Ohun tí ó kù ni pé kí á tọ́jú ẹran-ara náà débi tí a ó fi lè ka èsì tí sẹ́ẹ̀lì kọ sínú rẹ̀, kí obìnrin tí oògùn lè gbà má baà kú nítorí ìgò tí kò sí fọ́málìn nínú rẹ̀.